Ǹjẹ́ Èdè Kọ̀ǹpútà Kejì Yẹ ní Kíkọ́?

Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, Nupe àti Haúsá ní àǹfààní lọ́jà ju elédè kan lọ. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ti èdè kọ̀ǹpútà?

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òótọ́ ni, bí kò bá tí ì mọ ti àkọ́kọ́ dunjú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣirò ni a ṣe FORTRAN fún ní 1957. Iṣẹ́ òwò ni ti COBOL ní 1959. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan ṣoṣo a máa rò pé ọ̀nà kan ni ó wọ ọjà. Èkejì ni yóò là á lójú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sá fún un.