Ẹ̀rọ Ni, Kì í Ṣe Èmi

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni mo kọ tí kò dáa níbí?"

Mo wò ó. Ìbéèrè náà ní kí wọ́n kọ orúkọ irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè, kí wọ́n sì fi àmì sí i bó ṣe yẹ. Ó kọ "ọkọ́". Ẹ̀rọ fún un ní òdo. Lábẹ́ òdo yẹn, ẹ̀rọ kọ ìdáhùn tó tọ̀nà síbẹ̀ fún un: "ọkọ́".

Mo wo méjèèjì títí, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ? Mo ní, "Ẹ̀rọ ló máàkì í, kì í ṣe èmi. Bóyá àmì rẹ ni kò jókòó dáadáa." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó dìde, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbólóhùn náà ti ń jà nínú mi. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èmi. Ṣé òótọ́ ni? Bí ẹ̀rọ bá ṣi ẹjọ́ dá, ta ló jẹ̀bi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí màá sá sẹ́yìn ẹ̀rọ nìyẹn. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí ayélujára, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo fi sí. Aago mẹ́wàá lù, ìdánwò ò ṣí. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la wá mọ̀ pé aago UTC ni ètò ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Mẹ́wàá tí mo tẹ̀ síbẹ̀, mọ́kànlá ló jẹ́ nílé wa. Wákàtí kan péré ni, àbí? Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tó ti san owó fún ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò wọn, pé kó bá òun tan án láti mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Nígbà tí ìdánwò máa fi ṣí, epo ti tán. Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù WhatsApp wa pé, "Ẹ má bínú, network ni." Kì í ṣe network. Èmi ni mi ò yẹ aago wò.

Ìdánwò kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Ibì kan wà nínú ètò náà tí wọ́n ti ń bi tíṣà léèrè bóyá kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ìdáhùn gbàrà tó bá ti parí. Mi ò débẹ̀ rárá, bí wọ́n ṣe bá a ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ parí lo ìṣẹ́jú 12. Kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, àwòrán gbogbo ìdáhùn ti wọ WhatsApp. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ 64, 41 gba gbogbo máàkì. Inú bí mi gan-an. Mo kọ orúkọ wọn jọ, mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ìyá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka wa ló dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ògiri tó lanu ni aláǹgbá ń wọ̀. Ta ló la ògiri?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gba ìrònú. Ṣé nítorí pé ògiri lanu, aláǹgbá ò ṣẹ̀ ni? Rárá o. Ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, tó wọlé, tó kó ẹrù ẹlẹ́rù, olè ni, kò sí orúkọ míì fún un. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa ti ilẹ̀kùn kò lè jẹ́ òun nìkan ni adájọ́ nínú ẹjọ́ olè náà. Ẹ̀bi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ò sì pa ọ̀kan rẹ́. Mo fagi lé ìdánwò náà, mo sọ ẹ̀bi tèmi kí n tó sọ tiwọn. Ọmọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì: "Sà, èmi ò wo nǹkan kan o. Kí ló dé tí mo fi máa tún un ṣe?" Títí dòní, mi ò ní èsì tó dáa fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọkọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn wá, oorun ò kùn mí. Mo ṣí ìdánwò náà bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fi kọ̀ǹpútà mi tẹ "ọkọ́", ẹ̀rọ ní mo gbà á. Mo fi fóònù mi tẹ "ọkọ́" kan náà, ẹ̀rọ fún mi ní òdo. Èmi tí mo ṣe ìbéèrè!

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ tinú kọ̀ǹpútà ló là á yé mi. Ojú wa rí "ọ́" bíi lẹ́tà kan, àmọ́ nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń rí, ó sì kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà to nọ́ńbà yẹn. Kíbọọ̀dù kan á mú "ọ" tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, á wá gbé àmì ohùn lé e. Òmíràn á mú "ó" tó ti ní àmì ohùn, á wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Òmíràn á mú "o" lásán, á fi méjèèjì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé láti fi nọ́ńbà dúró fún lẹ́tà, sọ ọ́ kedere pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àmọ́ ẹni tó kọ ètò ẹ̀rọ ló máa sọ fún ẹ̀rọ pé kó sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. Ètò tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá lo irú kíbọọ̀dù tí mo lò gba máàkì, ẹni tó lo òmíràn gba òdo. Mo rò pé Yorùbá ni mo fi ń dán wọn wò, àṣé kíbọọ̀dù ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé òdo ẹni tó mọ̀ ọ́n àti òdo ẹni tó kọ "ọkọ̀" síbẹ̀ rí bákan náà. Kò sí ẹni tó máa wo òdo méjèèjì tó máa mọ èyí tó jẹ́ irọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn tí èsì ìdánwò JAMB jáde, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń pariwo pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kàwé mọ́. Kò pẹ́ rárá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ náà, fi jáde síwájú àwọn oníròyìn, tó sunkún, tó tọrọ àforíjì. Àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe sí ètò ẹ̀rọ wọn ni wọn ò gbé dé orí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Àwọn kan bú ọkùnrin náà, àwọn kan káàánú rẹ̀. Èmi ò mọ inú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ó ní òun gba ẹ̀bi náà. Kò ní ẹ̀rọ ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ká padà sí ọwọ́ èèyàn ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀rọ kì í gba rìbá. Kò mọ ọmọ ta ni ọ́. Ohun tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé ń pè ní "sorting", kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bá ẹ̀rọ ṣe é. Ní ilẹ̀ tí máàkì ti di ọjà níbòmíràn, nǹkan ńlá nìyẹn, mi ò ní fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ ò gba rìbá, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹ̀bẹ̀. Kò gbọ́ àlàyé. Àwọn àgbà sì ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ tèmi nìkan, èmi tí mo ṣe ìbéèrè, ni ẹ̀rọ gbọ́ kó tó dájọ́ fún ọmọ 64. Ohun tí mò ń pè ní àìṣojúsàájú, àìríran ni. Àìríran ò burú bí ẹni tó ríran bá jókòó tì í. Ìgbà tí ẹni tó ríran bá dìde lọ sùn, tó ní kí afọ́jú máa ṣọ́jà, ni ìwà ìkà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ò lójú tí ń tì í. Ẹ̀bi tí a bá gbé ka orí ohun tí ojú kì í tì, a ti gbé e sọnù nìyẹn. Ẹ rántí amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Èmi ni ìsàlẹ̀ ẹrù yìí.

Mo fọwọ́ ara mi tún ìwé gbogbo wọn máàkì. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 23 lọ sókè, ọmọbìnrin tó kan ilẹ̀kùn mi wà nínú wọn. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti lo àwọn ìbéèrè yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Mo padà ṣí ìwé tọdún yẹn. Ó kan àwọn 7. Nínú wọn, ọ̀kan fi máàkì mẹ́ta péré kùnà, bẹ́ẹ̀ máàkì mẹ́wàá ni kíbọọ̀dù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó yẹ kó jáde ni. Ó fi ọdún kan kún un. Nígbà tó tún ìdánwò náà ṣe, kọ̀ǹpútà iléèwé ló lò, ó sì yege.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní, "Ọmọ ti jáde, ó ti gbàgbé. Kí lo fẹ́ fi hú u síta? Ìgbéga rẹ ń bọ̀ lọ́nà." Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rò ó. Kì í ṣe ẹ̀rù ìgbéga nìkan ló dá mi dúró. Mò ń bi ara mi pé, ta ni ìjẹ́wọ́ yìí máa ṣe láǹfààní? Mi ò lè dá ọdún kan padà. Ṣé kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ kí ara tu èmi, kí n wá fi ìbànújẹ́ tuntun lé ọmọ náà lọ́wọ́? Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni pé ọmọ yẹn ṣì ń rò pé òun kùnà. Irọ́ ni, èmi ni mo sì pa á mọ́ ọn. Ọdún ò ṣeé dá padà, àmọ́ òótọ́ ṣeé dá padà.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìdánwò. Ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ọmọ náà, mo ṣàlàyé tán. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, sà. Oṣù mẹ́ta ni màmá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn. Wọ́n ní eré ni mò ń ṣe níléèwé." Ó tún dákẹ́. "Ṣé ẹ lè bá mi sọ fún wọn, sà?"

Mo pe ìyá náà lọ́jọ́ kejì. Mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní ọmọ yín ò kùnà lọ́jọ́ náà, mà, èmi ni mi ò ṣe iṣẹ́ mi bí iṣẹ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ yìí sọ fún mi nígbà yẹn pé òun mọ̀ ọ́n."