Omi Pẹ́ Dé Ihò Keje

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2004, ọjọ́ Sunday, nínú ìdíje US Open, òṣèré gọ́ọ̀fù Kevin Stadler dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ihò keje pápá Shinnecock Hills. Kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ láàárín bọ́ọ̀lù náà àti ihò. Bọ́ọ̀lù wà lókè, ihò wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ó rọra fi ọ̀pá kàn án. Bọ́ọ̀lù yẹ̀ lára ihò, kò sì dúró. Ó ń yí lọ bí àgbálùmọ̀ tó já sórí páànù, títí tó fi kúrò lórí koríko tó sì kó sínú kòtò iyanrìn. Nínú àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ dé ihò yẹn lọ́jọ́ náà, mẹ́ta ló gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹfà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n retí lọ́wọ́ wọn.

Gọ́ọ̀fù kò ṣòro láti lóye. Ihò 18 ni, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù kó tó wọ gbogbo wọn ló borí. Iye tí wọ́n retí lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní páà; ní Shinnecock, 70 ni fún ihò 18. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ tó yí ihò ká ni gíríìnì. Orí gíríìnì ni ọ̀pọ̀ ìdíje ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣèré, ibẹ̀ náà ló sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Àjọ USGA ló ń ṣe ìdíje US Open ní Amẹ́ríkà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi líle pápá wọn yangàn. Ní 1973, ní Oakmont, Johnny Miller gbá 63 péré lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó sì gba ife ẹ̀yẹ. Nígbà tó di ọdún kejì, ní Winged Foot, pápá le débi pé Hale Irwin tó borí gan-an fi méje kọjá páà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n ń gbẹ̀san ohun tí Miller ṣe ni. Sandy Tatum, ọ̀kan nínú àwọn àgbà àjọ náà, fèsì pé àwọn kò fẹ́ dójú ti àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá jù láyé, àwọn kàn fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì fara mọ́ ọn. Pápá tí gbogbo ènìyàn lè fi ọwọ́ òsì gbá kò lè fi ọ̀gá hàn. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó, kí ó jìyà rẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pápá tó ń fìyà kan náà jẹ ẹni tó gbá a dáadáa àti ẹni tó gbá a jákujàku. Irú pápá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdánwò mọ́, ó ti di tẹ́tẹ́.

Southampton ni Shinnecock Hills wà, ní erékùṣù Long Island ní ìpínlẹ̀ New York. Ọdún 1891 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Níbẹ̀ ni US Open kejì ti wáyé ní 1896. Òkun kò jìnnà sí pápá náà, igi rẹ̀ kò pọ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bó ṣe wù ú. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan koríko níbẹ̀ ni pápá náà ti le. Ihò keje wá ya alágídí láàárín wọn: gíríìnì rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ láti iwájú lápá ọ̀tún lọ sí ẹ̀yìn lápá òsì, nítorí náà bọ́ọ̀lù tó bá bà lé e kì í fẹ́ tètè dúró. North Berwick ní Scotland ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń mú gíríìnì le, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Wọ́n á gé koríko náà títí kò fi ní ga ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Wọ́n á fi rólà tẹ̀ ẹ́ kí ojú rẹ̀ lè dán. Wọ́n á wá dín omi rẹ̀ kù kí ilẹ̀ lè gan. Bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ohun èlò kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn eré yẹn, Stimpmeter lorúkọ rẹ̀. Edward Stimpson ló ṣe é lẹ́yìn US Open 1935 ní Oakmont, nígbà tó rí bí bọ́ọ̀lù Gene Sarazen ṣe yí kúrò lórí gíríìnì lọ sínú iyanrìn. Ohun èlò náà wúlò, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí atẹ́gùn yóò ṣe fẹ́ bó bá di ọ̀sán. Koríko tí wọ́n ti fi òùngbẹ sílẹ̀, tí atẹ́gùn etí òkun tún fẹ́ lù fún wákàtí mélòó kan, kì í ṣe koríko tí wọ́n wọ̀n láàárọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fa okùn títí dé ibi tó ti fẹ́ já láàárọ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ọ̀sán.

Ọjọ́ Saturday ni àmì ti hàn ní 2004. Bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ síbi tó yẹ lórí gíríìnì keje kò dúró. Àjọ ní wọ́n ti fi rólà tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yẹn nígbà tí àwọn kò ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú pápá ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi ń rìn kiri, kò rẹ́ni gbé e. Lójú tèmi, ìjà rólà yẹn kò ṣe pàtàkì tó òru tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó rí àmì lọ́sàn-án Saturday ṣì ní òru gbogbo láti bomi rin koríko. Omi tó yẹ kó kan ilẹ̀ lóru yẹn kò kàn án tó.

Ìgbà tí Stadler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jìyà tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi dé. Láàárín ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, wọ́n ń fọ́n omi sí gíríìnì keje kí bọ́ọ̀lù lè rí ibi dúró. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n wo ohun tó túmọ̀ sí fún àwọn tó ti kọjá. Wọ́n ti gba ihò keje kan, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gba òmíràn, ìwé kan náà sì ni wọ́n kọ èsì gbogbo wọn sí. Kò sẹ́ni tó dá ìgbà tí wọ́n gbá lófo padà fún wọn. Bí ọjọ́ náà ṣe parí, ẹnì kankan kò gbá dín ní páà. Robert Allenby ló ṣe dáadáa jù, ó gbá 70 gẹ́lẹ́. Àwọn 28 ni kò lè gbá dín ní 80, Ernie Els tó bá olórí ìdíje jáde wà lára wọn.

Retief Goosen, ọmọ South Africa, gbá 71, ó sì fi ìgbà méjì borí Phil Mickelson. Àwọn kan ń fi ìyẹn gbèjà pápá náà: ṣebí ọ̀gá ló borí. Mi ò gba ìgbóríyìn kankan lọ́wọ́ Goosen, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n níbi tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ti ń gbọ̀n. Àmọ́ pé ọ̀gá la iná kọjá kò sọ iná di olùkọ́.

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ìdíje padà sí Shinnecock, àjọ sì ti ṣèlérí pé ti 2004 kò ní tún wáyé. Ní Saturday, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà 2018, atẹ́gùn fẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Daniel Berger àti Tony Finau, tí olórí ìdíje fi ìgbà mọ́kànlá ṣíwájú, ti jáde láàárọ̀ nígbà tí koríko ṣì tutù, àwọn méjèèjì sì gbá 66. Dustin Johnson tó ń ṣíwájú jáde lọ́sàn-án, ó gbá 77. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ipò kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Rickie Fowler gbá 84. Ní ihò kẹtàlá, Mickelson, tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 48 rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wo bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó kọjá ihò tó ń yí lọ sísàlẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e, ó sì gbá a padà nígbà tó ṣì ń yí. Ìjìyà rẹ̀ ni pé wọ́n fi ìgbà méjì kún iye rẹ̀, ó sì fi mẹ́wàá kúrò ní ihò yẹn. Ohun tó ṣe kò dára, òun náà sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ẹni tó ti gba ife ẹ̀yẹ ńlá márùn-ún nígbà yẹn kì í sáré lé bọ́ọ̀lù báyìí lórí pápá tí orí rẹ̀ pé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mike Davis tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ jẹ́wọ́ pé apá kan pápá ti le jù, pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá dáadáa kò rí èrè, òmíràn tiẹ̀ jìyà. Wọ́n bomi rin koríko mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, Tommy Fleetwood gbá 63, Brooks Koepka sì gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú ìgbà kan péré lé páà. Pápá náà ṣì le. Ẹnì kankan kò parí ìdíje ní ìsàlẹ̀ páà, ṣùgbọ́n ìyà ọjọ́ Sunday yẹn kò tó ti Saturday. Omi òru kan ṣoṣo ló ṣe ìyàtọ̀ náà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí.

Ọdún 2026 ni àjọ náà yàn láti tún gbé US Open lọ sí Shinnecock. Ohun tí mo ń bẹ ẹni tí iṣẹ́ omi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó fọ́n ọn kí ẹni àkọ́kọ́ tó jáde, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn ọ̀sán. Bí ẹnì kan bá tún gbá 63 níbẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.