Ẹni Tí Ó Ra Òdòdó Igbó

Bí ènìyàn bá fẹ́ràn ohun kan, ǹjẹ́ ìfẹ́ náà tó láti sọ ohun náà di tirẹ̀? Òdòdó tí a ń pè ní ọ́kíìdì ni ó gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú, nítorí mo ń tọ́jú rẹ̀ nílé.

Àwọn baba wa a máa wí pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó bá tan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ka ọ́kíìdì orí igi mọ́ àfòmọ́. Wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Àfòmọ́ ń mu nínú omi ara igi. Ọ́kíìdì kàn jókòó lórí igi ni, òjò àti ìrì ni ó ń mu. Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní gbangba: bí ó bá gbẹ, a rí bí eérú, bí omi bá kàn án, a di àwọ̀ ewé lójú ẹni. Ẹni tí ó bá rì í mọ́ erùpẹ̀ ti pa á. Orí èédú àti èèpo àgbọn ni tèmi wà. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ni mo ń rí jẹ níbẹ̀. Mo ní ojú pẹ̀lú a máa jẹun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ọ̀kan wà, Ansellia africana, tí òyìnbó fi orúkọ àmọ̀tẹ́kùn pè. Ó pupa bí ìyeyè, ó sì ní àmì tótòtó lára bí ẹranko náà. Igbó Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá já irú rẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ewé rẹ̀ ń rọ, aláàánú a ní, “Bí n kò bá rà á, yóò kú.” Òótọ́ ni. Mo ti dúró níwájú irú rẹ̀ rí, mo sì kọjá lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó ti kú. Ṣùgbọ́n owó tí mo bá san lórí ọ̀kan ni yóò rán olùtà padà lọ já mẹ́wàá. Ẹni tí ó gbé epo ní àjà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. N kò bá olùtà wí púpọ̀. Ebi lè máa lé e. Ebi kò lé èmi.

Kì í sì í ṣe ewédú tí a óò já lónìí tí yóò rú lọ́la. Hóró rẹ̀ kéré bí eruku, kò gbé oúnjẹ kankan dání. Noel Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó rí i ní 1899 pé ohun tíńtìntín kan tí ó bá olú tan ni ó ń bọ́ ọ kí ó tó lè hù. Ní 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ṣúgà inú ìgò lè ṣe iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwíjàre àwa tí a ń ra ti inú igbó ti dín kù.

Òfin ńkọ́? Nàìjíríà wọ àdéhùn CITES ní 1974, àdéhùn náà sì kan gbogbo ọ́kíìdì. Ṣùgbọ́n ẹnubodè ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà àdúgbò mi. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Ẹ̀ka tí ìjì bá wó lulẹ̀ nìkan ni ó ṣì ń dà mí láàmú. Mo lè so ọ́kíìdì orí rẹ̀ mọ́ igi mìíràn nítòsí. Bí mo bá gbé e wálé dípò bẹ́ẹ̀, n kò ní lè sọ pé nítorí tirẹ̀ ni. Ojú mi ni mo ń bọ́.