Ìmọ̀ Ni Tàbí Ìgbàgbọ́? Ìṣirò Ìfúnpá Gáàsì Nínú Páìpù

Páìpù gáàsì tó lọ láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn dé Takoradi ní Gánà gùn tó kìlómítà 678, abẹ́ òkun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ojú ẹnikẹ́ni kò rí gáàsì náà bó ṣe ń lọ. Ibi tó ti wọlé àti àwọn ibi tó ti ń jáde ni géèjì ti lè sọ nǹkan. Síbẹ̀, ẹnjiníà a máa fi ìṣirò sọ iye ìfúnpá tó wà ní àárín òkun. Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ ni, àbí ó kàn gbà á gbọ́ ni?

Ìbéèrè yìí wúwo lójú Yorùbá. J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen ṣàlàyé nínú ìwé wọn tó jáde ní 1986 pé àwọn oníṣègùn Yorùbá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kì í pe nǹkan ní ìmọ̀ àfi ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tàbí tí a kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹnjiníà ṣe ń ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bí gáàsì ṣe ń fi ara ha inú páìpù, bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpá rẹ̀ ń dínkù. Bí ìfúnpá bá sì dínkù, gáàsì á fẹ̀ sí i, á sáré sí i, eré yẹn á tún jẹ́ kó pàdánù ìfúnpá sí i. Ká ní ìfúnpá jẹ́ 80 bar níbi tí gáàsì ti wọlé, tó sì jẹ́ 50 bar níbi tó ti jáde, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ènìyàn lè rò pé 65 ni yóò jẹ́ ní agbedeméjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dínkù déédéé ni ìfúnpá tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. 80 lọ́nà 80 jẹ́ 6,400. 50 lọ́nà 50 jẹ́ 2,500. Agbedeméjì wọn jẹ́ 4,450, èyí tó fi ìfúnpá ibẹ̀ sí nǹkan bí 66.7 bar. Ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́ gba 13.3 bar, ìdajì kejì gba 16.7. Kò sí ẹni tó wọ inú páìpù lọ wò ó.

Ìṣòro tún wà níwájú. Kí a tó mọ iye gáàsì tó ń kọjá, a ní láti mọ bí páìpù ṣe ń fà á sẹ́yìn tó. Èyí náà sì dúró lórí iye gáàsì tó ń kọjá. Ìlànà tí Colebrook gbé jáde ní 1939 fún ìṣirò ìfàsẹ́yìn yìí ní ohun tí à ń wá ní apá méjèèjì àmì ìdọ́gba. Àbá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó ṣírò, a ó tún àbá náà dá, títí nọ́ńbà yóò fi dúró sójú kan.

Àwọn ìlànà tí a fi ń ṣírò iye gáàsì tó ń kọjá kò tilẹ̀ fẹnu kò. Ti Weymouth, ti 1912, gbà pé bí páìpù ṣe fẹ̀ tó nìkan ló ń pinnu bó ṣe ń fa gáàsì sẹ́yìn. Panhandle, tó wá láti Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940, ka eré gáàsì mọ́ ọn. Bí a bá sọ ìbú páìpù di méjì láì yí nǹkan mìíràn padà, Weymouth ní gáàsì tó ń kọjá yóò di ìlọ́po 6.35, Panhandle ní 6.14. A tún máa ń fi iye bíi 0.92 sọ èsì Panhandle di púpọ̀, nítorí omi, ìpẹta àti ìdọ̀tí tó wà nínú páìpù gidi. Kò sí òfin àdánidá tó bí nọ́ńbà yìí. Ara páìpù tó ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí a ṣọ́ra. Ẹni tó bá ń yí i padà ní gbogbo ìgbà tí géèjì bá ta ko ìṣirò rẹ̀ ti sọ ìṣirò náà di ohun tí kò lè ṣì láéláé, ohun tí kò lè ṣì kò sì lè jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ìgbàgbọ́ tó fara sílẹ̀ fún ìdánwò ló yẹ ní fífọkàn tán.

Àfojúbà náà kò sì lè dá dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan ba páìpù Ìtòkí sí Takoradi jẹ́ lábẹ́ omi nítòsí Lomé, ìfúnpá sì já wálẹ̀ lójijì. Ojoojúmọ́ ni nọ́ńbà orí géèjì ń lọ sókè sódò bí àwọn oníbàárà ṣe ń gba gáàsì. Ẹni tí kò ṣírò iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò lè mọ èyí tó jẹ́ jàǹbá nínú wọn. Ọdún 2013 ni gáàsì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Gánà.