Àgbà àti Orin Ìgbà Èwe Rẹ̀
Ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ máa kọ orin ìgbà èwe rẹ̀ ní gbangba? Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni. N kò gbà. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 2025, àwọn Black Sabbath padà sí Birmingham, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin heavy metal (ariwo tí kò bá etí mi mu), wọ́n sì kọ orin mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde ní 1970. Orí àga ni Ozzy Osbourne, ẹni ọdún 76, jókòó sí kọrin nítorí àìsàn Parkinson. Ohùn rẹ̀ ń já. Èrò ń gbè é. Nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 21, ó ń dárúkọ ikú bí ohun tí kò kàn án. Lọ́jọ́ yìí, ọjọ́ 17 péré ló kù fún un láyé. Bí a bá ń wá ẹ̀tàn, ti 1970 ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.