Àmì Tí A Fi Ń Dá Òkú Mọ̀ àti Àṣírí Alààyè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kí ó nù lọ. Kò ṣòro fún ará Bolori ní Maiduguri láti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ogun Boko Haram tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2009 ti fọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí ká ní Borno. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa Àgbáyé kéde pé àwọn tí a fi sùn wọ́n pé ó sọnù ní Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22,000. Ó ju ìlàjì wọn lọ tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà tí a kò rí wọn mọ́.

Bí a bá rí òkú tí ojú kò lè dá mọ̀, DNA inú egungun rẹ̀ lè sọ ẹni tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n DNA dà bí ìwé ńlá. Ojú ewé wo ni ó tọ́ kí a ṣí?

Ní Amẹ́ríkà, ibi 13 ni àwọn FBI yàn ní ọdún 1997. Láti ọdún 2017, ó di 20. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ègé kékeré kan ń tún ara rẹ̀ wí léraléra, iye ìgbà náà sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ̀dà kan ti ọ̀dọ̀ baba wá, ìkejì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ibi tí a mọ̀ pé ó ń sọ àìsàn tàbí ìrísí ènìyàn. Ọgbọ́n ni èyí. Ilà ojú àwọn baba wa ń sọ ìdílé, kì í sọ ẹni náà gan-an. Àmì wọ̀nyí ń sọ ẹni náà.

Síbẹ̀, yíyàn nìkan kò tó. Itọ́ ẹnu ìbátan ni a ó fi wé ti òkú. Àmì tí ó lè wí pé, "Ọmọ rẹ nìyí," lè wí pẹ̀lú pé baba tí ó fi omijé wá kọ́ ni ó bí i. A kò lè rí àmì tí yóò sọ ti àkọ́kọ́ tí kò ní lè sọ ìkejì.

Àwọn kan yóò ní òtítọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ni baba náà wá wá. Kò wá béèrè ìtàn ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ǹjẹ́ ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ, tí ó sì tọ́ ọ dàgbà, kì í ṣe baba? Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ gba itọ́ ìyá, bí ìyá bá wà láàyè. Kí a sì bi olúkúlùkù kí a tó fọwọ́ kàn án: "Bí a bá rí ohun tí ẹ kò béèrè, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́?" Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ wa gba ọ̀fọ̀ kejì lọ sílé.