Àbá Lórí Ìtàn Inú Géèmù: Ṣé Asán Ni?

 

Ní ìparí Àsàláátù ọjọ́ Àìkú kan, baba kan nínú ẹgbẹ́ wa fa ìwé ìkọ̀wé kan yọ láti inú agbádá rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹní níwájú àwa àti Àáfáà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tí ì pé ọdún 16 ni ó ni ín. Orúkọ àwọn ọmọdé tí wọ́n ti kú wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán béárì tí ó la ẹnu sílẹ̀, àti ọdún 1983 àti 1987 tí a fi bírò pupa kọ káàkiri. Baba náà kò bi ọmọ ní ìbéèrè kankan. Ó ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọmọ òun wọ̀. Ó ti gba fóònù rẹ̀, ó ti nà án, ó kù kí Àáfáà wá gbàdúrà lé e lórí.

Àáfáà ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Nígbà tí ó dé, ó wo ìwé, ó wo baba rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, géèmù ni." Ojú tì wá fún baba náà. Òun náà sì fi ìbínú bo ìtìjú mọ́lẹ̀: "Ṣé orí ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni o ti ń fi ìwé tí mo rà ṣòfò?" Ìbéèrè yìí ni a gbé wá sí ojú ewé yìí, nítorí pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń bi í.

Géèmù náà ni Five Nights at Freddy's, tí ará Amẹ́ríkà kan, Scott Cawthon, gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ẹni tí ó bá ń ta á yóò di ọlọ́dẹ òru ní ilé oúnjẹ kan tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Láti agogo 12 òru títí di agogo 6 ìdájí ni yóò máa fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ẹranko onírin tí ń jó fún àwọn ọmọdé lọ́sàn-án, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a máa rìn kiri láti pa á. Iná mànàmáná tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò tó nǹkan, bí kò bá ṣọ́ ọ lò, yóò tán mọ́ ọn lọ́wọ́. (Ní ti èyí, àwa ará Nàìjíríà kò nílò àlàyé.)

Ìtàn ìdí ọ̀rọ̀ náà kò sí lójú kan. Ìwé ìròyìn tí a lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé ọmọ márùn-ún sọnù. Ohùn kan lórí tẹlifóònù mẹ́nu kan ìjẹnijẹ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1987, kò sì sọ ẹni tí a bù jẹ. Ẹni tí ó ṣe géèmù náà mọ̀ọ́mọ̀ dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọ̀dọ́ kárí ayé sì ń to ó pọ̀. Ìlúmọ̀ọ́ká nínú wọn ni Matthew Patrick, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò Game Theory lórí YouTube ní 2011, tí ó sì fi í lé àwọn mìíràn lọ́wọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ohun kan wù wá nínú ìṣe ọkùnrin náà: bí ó bá ti ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, a máa rán àwọn tí ń wò ó létí pé àbá ni òun dá.

Ṣé asán ni? Àwọn tí wọ́n ní asán ni ní ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn fi dúró. Nígbà tí a jókòó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá lọ́mọdé, ta ni ó béèrè iye owó tí ó wà lápò Ìjàpá? Ohun tí alálọ̀ọ́ kò sọ, kò sí níbì kankan. Bí ẹni tí ó ṣe géèmù fúnra rẹ̀ kò bá tí ì pinnu ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ni ọmọ ń wá? Àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè jẹ òkúta.

Ṣùgbọ́n bí ìtàn náà kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tí ń dá àbá ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní oṣù keje ọdún 2015, apá kẹrin géèmù náà jáde. Wọ́n rí ọmọkùnrin kan tí ẹranko onírin fi eyín fọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àṣírí 1987 ti tú. Àwọn mìíràn tún padà wò ó fínnífínní, wọ́n rí tẹlifíṣàn kékeré kan nínú rẹ̀ tí ọdún 1983 hàn lójú rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ṣe pa èyí tí wọ́n ti sọ rẹ́ nìyẹn, wọ́n ní ọ̀tọ̀ ni ti 1983, ọ̀tọ̀ ni ti 1987. Ẹ̀yin àgbà, mélòó nínú wa ni ó lè sọ ní gbangba pé, "Ohun tí mo sọ lánàá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti rí ẹ̀rí mìíràn"?

Àbá mìíràn wà tí kò rí báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ilé iṣẹ́ BioWare ti ilẹ̀ Kánádà gbé Mass Effect 3 jáde. Ìparí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ nínú gidigidi. Nínú ìtàn yìí, àwọn ọ̀tá ní agbára láti yí ọkàn ènìyàn padà díẹ̀díẹ̀. Ni àwọn kan bá dá àbá pé ìparí náà kò ṣẹlẹ̀ rárá, pé àwọn ọ̀tá ni wọ́n fi ìran ẹ̀tàn han akọni náà. Bí o bá ní ìran náà rí báyìí, wọn yóò ní ẹ̀tàn ni. Bí o bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní ẹ̀tàn náà ni. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, BioWare fi àfikún ọ̀fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpinnu akọni náà; síbẹ̀ àwọn kan kò fi àbá náà sílẹ̀. Àbá tí kò sí ẹ̀rí kankan láyé tí ó lè bì í ṣubú, àwa kò ka irú rẹ̀ sí ọgbọ́n. Ìfẹ́ inú ẹni tí ó wọ agbádá ẹ̀rí ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Súrà Al-Kahf tí a máa ń kà ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní ẹsẹ 22, Ọlọ́hun sọ nípa àwọn tí ń jiyàn lórí iye àwọn ọ̀dọ́ inú ihò: àwọn kan ní mẹ́ta, ajá wọn ṣìkẹrin, àwọn kan ní márùn-ún, àwọn kan ní méje. Ibn Taymiyyah, tí ó kú ní 1328, fi ẹsẹ yìí kọ́ni ní bí a ti ń gbé àríyànjiyàn yẹ̀ wò. Ó ní Ọlọ́hun pe èyí èkíní àti èkejì ní àbá nípa ohun tó pamọ́, ṣùgbọ́n kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìkẹta, èyí sì tọ́ka sí i pé òun ni ó tọ̀nà. Ẹ ò rí i bí ó ti fi ara balẹ̀ kà á? Ẹni kan náà ni ó sọ pé wíwá àwọ̀ ajá wọn, tàbí irú igi tí Ànábì Núhù fi kan ọkọ̀, kò ní àǹfààní. Ó wọn ọ̀rọ̀ wò, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

A kò níí fi pamọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé àìmọ ibi ìdúró ni ó ń kó ọ̀pọ̀ yín sí wàhálà. Ẹni tí ó fi àbá ṣe àìsùn tí Àsùbáà fi kọjá ti san iye tí ọjà náà kò tó. Ní ti òkú ọmọdé tí ẹ̀mí rẹ̀ wọ inú irin, Àáfáà bi ọmọ náà bóyá ó gbà á gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rárá sà, ìtàn ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ni ó jẹ wá lọ́kàn jù. Òun náà rí ìwé, ó rí àwòrán, ó rí ọdún méjì, ó sì dá àbá. Nígbà tí ọmọ bá sunkún, baba ní ẹ̀rí ọkàn ni ó ń dà á láàmú. Nígbà tí kò bá sunkún, baba ní oògùn ẹgbẹ́ ni ó mú un láyà le. Àbá tí kò ṣeé bì ṣubú nìyẹn, ẹlẹ́ran ara ni ó sì dá a lé, kì í ṣe béárì onírin. Irú rẹ̀ ni a fi ń pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ ní àdúgbò wa. Súrà Al-Hujurat ní ẹsẹ 12 kìlọ̀ nípa irú àbá yìí, ó ní apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ẹsẹ 6, ó ti pàṣẹ kí a wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe ìpalára fún ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àáfáà ṣí ìwé náà, ó fi ìka lé ibi tí ọmọ ti fi bírò pa 1987 rẹ́ tí ó sì kọ 1983 sí orí rẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí ó pa á rẹ́. Ọmọ náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn kékeré náà. Baba rẹ̀ dákẹ́, ó ń gbọ́. Ọmọ náà tún ní àpótí kan wà ní ìparí apá kẹrin, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì pa, tí géèmù náà kò sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni.

Baba náà fà sún mọ́ ọn lórí ẹní. Ó ní, "Kí ni ìwọ rò pé ó wà nínú rẹ̀?"